Ambrose Ọláìtán àti Àgbò Tí Ó Ń Lọ Síbi Iṣẹ́

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé ọdún owó Údójì, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ pé ọjọ́ Ajé ti tún dé ní àdúgbò Sábó ní Yábàá kò nílò kàlẹ́ńdà. Kí ó ṣáà jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní àárọ̀, kí ó máa wo òpópónà títí Ambrose Ọláìtán yóò fi kọjá: ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí a fi sítáàṣì lọ̀ títí ó fi le bíi páálí, táì dúdú, àpò aláwọ ní ọwọ́ ọ̀tún, ní ọwọ́ òsì, okùn, ní ìdí okùn, àgbò.

Àgbò náà ga, ó funfun, àmì dúdú kan ṣoṣo ni ó wà ní etí rẹ̀ òsì, ó sì ń rìn bí ẹni tí ó mọ̀ pé wọ́n ń dúró de òun ní ọ́fíìsì. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń kí i ṣáájú olówó rẹ̀.

“Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o,” ni Mùktárù alápatà máa ń wí láti ìdí tábìlì ẹran rẹ̀. “Ẹ bá wa kí ìjọba.”

Ambrose kì í rẹ́rìn-ín. Yóò tẹrí ba díẹ̀, yóò sì máa lọ. Yábàá ni wọ́n bí i sí, Yábàá ni ó ti lọ sí ilé-ìwé, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà pé kí ènìyàn má ṣe pẹ́ dé ibikíbi, kí ó má sì ṣe dá àgbà lóhùn. Edith ìyàwó rẹ̀, olùkọ́ ní Súrùlérè, máa ń sọ pé rúlà ni ọkọ òun fi ń la irun orí. Kò sí ẹni tí ó rí i nídìí rúlà náà, ṣùgbọ́n ìlà irun rẹ̀ gún tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi lè jiyàn.

Iṣẹ́ ni ó so òun àti àgbò pọ̀. Nínú ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn Sábó, Ambrose ni ó ń ka àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa ni ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Àwọn funfun ni ó ń jagun, nínú àwọn funfun yìí ni ẹ̀yà kan sì wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí a bá fi máíkírósíkóòpù wò wọ́n, wọ́n jọ àwọn ẹgbẹ́ wọn yòókù bí ẹ̀wà ti jọ ẹ̀wà. Àgùntàn ni ó ń tú wọn fó. Bí a bá da sẹ́ẹ̀lì pupa àgùntàn mọ́ wọn, sẹ́ẹ̀lì T nìkan ni àwọn ti àgùntàn máa ń dì mọ́, tí wọn yóò yí i ká bí òdòdó. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò tíì yé ẹnikẹ́ni nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka òdòdó ti ka sẹ́ẹ̀lì T.

Kì í sì í ṣe gbogbo àgùntàn ni iṣẹ́ yìí yẹ. Ambrose ti dán ẹ̀jẹ̀ àgbò púpọ̀ wò. Ti àwọn kan máa ń dì mọ́ ọn tìlọ́ratìlọ́ra, bí ọmọ tí wọ́n ní kí ó dì mọ́ àlejò. Ti Akọ̀wé nìkan ni ó dì mọ́ ọn ṣinṣin. Nítorí náà ni kò ṣe jẹ́ kí ó máa sùn ní ọgbà ilé àyẹ̀wò, níbi tí àgbò tí ó ṣáájú rẹ̀ ti pòórá nígbà tí Kérésìmesì ku fẹ́ẹ́rẹ́, tí òórùn ọbẹ̀ aládùn sì gba ilé ọdẹ tí ń ṣọ́ ibẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé Ambrose ni Akọ̀wé ń gbé.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀, àwọn dókítà àgbà yóò wá wò ó bóyá kíkà Ambrose ṣeé gbára lé. Bí ó bá ṣeé gbára lé, ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí èèyí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lára wọn yóò máa wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Bí kò bá ṣeé gbára lé, ìlú òyìnbó ni wọn yóò máa fi ránṣẹ́ sí, èsì yóò sì máa dé nígbà tí ọmọ bá ti sàn tàbí tí ó ti kú.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ìyá Edith, Màmá Àrìnpé, sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀yìngbò láti Ògbómọ̀ṣọ́ láìsọ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí Ambrose ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀yìnkùlé ni ó ti bá a. Ó ń fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ Akọ̀wé, ó ń tẹ egungun ìhà rẹ̀ wò, ó ń mi orí. Ambrose gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti táì.

“Ẹ káàbọ̀, Màmá.”

“Bàbá Fúnmi, mo ti rí i,” ni Màmá wí. “Edith kò sọ fún mi, ṣùgbọ́n mo ti fi ojú ara mi rí i. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó yín ni mo ti ń sọ fún àwọn ará ilé pé ọkùnrin yìí kì í sọ̀rọ̀, àmọ́ ó mọ ohun tó ń ṣe. Irú àgbò báyìí, nítorí tèmi? O ṣé, ọmọ mi. Àwọn ọkọ ọmọ tìrẹ náà yóò ṣe é fún ọ.”

Ẹni tí ó dojú bolẹ̀ níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀ kò sí ní ipò àtijiyàn. Ambrose gbọ́ ohùn kan tí ó ń dáhùn láti inú iyanrìn, ohùn náà sì jọ tirẹ̀.

“Ẹ̀yin náà lẹ ṣé, Màmá. Kò tó ohun tí à ń dúpẹ́ sí.”

Ẹ̀kọ́ ilé ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kí ó tó dìde, Màmá ti sọ fún un pé òun ti ránṣẹ́ sí Àkàngbé àbúrò òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ní Múṣín pé kí wọ́n wá jẹ ẹran ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Nínú yàrá, Ambrose bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

“Edith, lọ sọ fún wọn.”

“Kí n sọ kí ni?”

“Pé ẹran iṣẹ́ ni.”

“Lẹ́yìn tí wọ́n ti dúpẹ́? Tí ẹ sì ti ní kò tó ohun tí à ń dúpẹ́ sí?” Edith bo ẹnu, ẹ̀rín ń gbọn èjìká rẹ̀. “Bàbá Fúnmi, ọjọ́ tó yẹ kí ẹ sọ̀rọ̀ lẹ máa ń dákẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ dákẹ́, ẹ wá fọhùn.”

“Ìyá rẹ ni.”

“Àna yín ni. Ẹsẹ̀ àna kì í sá fún àna. Ẹ tún dọ̀bálẹ̀, kí ẹ ṣàlàyé.”

Bí ó bá jẹ́ ti ọjọ́ Ajé yìí nìkan ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Ambrose lè gba ẹ̀jẹ̀ àgbò náà ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó fi í sínú fíríìjì ilé àyẹ̀wò, bí àwọn oníná bá gbà fún un. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e ń kọ́? Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò kì í pẹ́ bàjẹ́, a kì í sì í gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹran tí ó ti di ọbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni ó gba ọ̀dọ̀ Mùktárù alápatà lọ, nítorí Mùktárù ni Màmá ti bẹ̀ ní ọ̀wẹ̀ pé kí ó wá pa àgbò náà.

“Mùktárù, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ara ẹran náà kò dá.”

Mùktárù gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Akọ̀wé? Ara Akọ̀wé kò dá? Ẹran tí gbogbo Sábó ń wò bó ṣe ń yan lọ síbi iṣẹ́? Ọ̀gá Ọláìtán, bí mo bá pe èyí ní aláìsàn, àwọn oníbàárà mi á bi mí pé kí wá ni mo ń tà lórí tábìlì.”

“Kí ni kí n wá ṣe?”

“Ẹ gba òmíràn. Àgbò funfun kan wà ní Ọ̀yìngbò. Funfun ni wọ́n ní àwọn rí. Kí wọ́n rí funfun. Màmá ti dàgbà, kí ló kù tí wọ́n ń rí?”

Ó yẹ kí Ambrose rẹ́rìn-ín sí ìmọ̀ràn yìí. Ọkùnrin tí ó ti fi ọdún mẹ́ta jẹ́rìí pé àwọn ohun tí ó jọra kì í ṣe ọ̀kan náà, òun gan-an ni ó mi orí, tí ó bá alápatà lọ sí Ọ̀yìngbò. Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí Màmá lọ kí àwọn Onítẹ̀bọmi ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n mú Akọ̀wé lọ sí àkọ́dì Mùktárù, wọ́n sì so àgbò Ọ̀yìngbò mọ́lẹ̀ dípò rẹ̀. Àmì etí nìkan ni ó kù. Ambrose wọlé lọ mú pọ́líìsì bàtà rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ìka kan kun etí òsì ẹran náà pẹ̀lú irú ìfarabalẹ̀ tí ó fi ń kun gíláàsì ní ilé àyẹ̀wò. Nígbà tí ó parí rẹ̀, ó sún sẹ́yìn, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó dára ju àmì ti Akọ̀wé gan-an lọ. Àmì ti Akọ̀wé kò gún.

Màmá dé. Ó gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn àgbò náà bí ẹni tí ń kí ọ̀rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

“Ẹran ta nìyí?”

Ambrose dúró sí ẹnu ọ̀nà. Edith yọjú láti ilé ìdáná, ó sì yára fa orí rẹ̀ padà.

“Màmá, ẹran náà ni.”

“Ẹran wo náà?” Màmá di etí òsì mú láàárín ìka méjì. Ìka rẹ̀ dúdú. Ó gbé e sí imú. “Bàbá Fúnmi.”

“Mà?”

“Bàtà ni ẹran yìí ń rùn.”

Láti ilé ìdáná ni ohùn kan ti dún bí ìgbà tí omi bá gbé ènìyàn lọ́nà ọ̀fun. Ambrose tún dọ̀bálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣe é bí ẹni tí kò ní í dìde mọ́.

“Ẹ má bínú, Màmá. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?”

“Mo ti fọwọ́ kan tàkọ́kọ́. Ohun tí mo bá ti fọwọ́ kàn, mo mọ̀ ọ́n. Èyí ṣe àjèjì sí ọwọ́ mi. Níbo lẹran mi wà?”

“Iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an nìyẹn,” ni Ambrose wí fún iyanrìn.

“Èwo? Kíkun etí ẹran?”

“Mímọ ti ilé yàtọ̀ sí àjèjì.”

Màmá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni ó fa àpótí kan sún mọ́ ara rẹ̀, ó jókòó. “Dìde, kí o sọ ọ́ kí ó yé mi. Bí kò bá yé mi, Múṣín á gbọ́.”

Ambrose dìde tìyanrìn-tìyanrìn. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀ rí ju ìbéèrè kan ṣoṣo lọ, èyí tí í ṣe, ‘Ẹ ò ní í pa á ni?’

“Nínú ẹ̀jẹ̀ yín báyìí, Màmá, àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣe ohun tí ẹ ṣe yìí. Wọ́n ń rìn káàkiri, wọ́n ń fọwọ́ kan gbogbo ohun tí wọ́n bá bá pàdé. Tilé ni, àbí àjèjì?”

“Ta ló kọ́ wọn?”

“Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó wà lẹ́yìn egungun àyà, ẹran rírọ̀ kan tó máa ń tóbi nígbà ọmọdé, tó ń súnkì bí a ṣe ń dàgbà. Àwọn onímọ̀ gbà pé èyí tó bá ń bá ará ilé jà nínú wọn, wọn kì í jẹ́ kó jáde láàyè.”

“Ilé-ẹ̀kọ́ náà dára,” ni Màmá wí. “Àwọn àna kan wà tí wọn kì bá tí jáde níbẹ̀.”

Edith ti jáde wá báyìí, ó fara ti ògiri, ó ń nu ojú.

“Wọ́n pín iṣẹ́ láàárín ara wọn,” ni Ambrose tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ sì ti ń là. “Apani wà nínú wọn. Bí àrùn bá sá pamọ́ sínú apá kan ara, òun ló ń lọ bá a lójúkojú, á sì pa ibi tó sá sí náà run. Olùrànlọ́wọ́ wà. Òun kì í pa ẹnikẹ́ni. Ariwo nìṣẹ́ tirẹ̀: òun ló ń ké sí apani, òun ló ń sọ fún àwọn tó ń po oògùn inú ẹ̀jẹ̀ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ké, àwọn yòókù á kàn jókòó ni.”

Màmá yí ojú sí ọmọ rẹ̀. “Mo mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀.”

“Màmá,” ni Edith wí.

“Ṣé mo dárúkọ ni? Máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ, Bàbá Fúnmi.”

“Àwọn apẹ̀tùsáàwọ̀ wà. Bí ogun bá ti parí, àwọn ló ń sọ pé ó tó, kí wọ́n má baà máa bá ara ilé jà. Àwọn arántí náà wà. Ìyẹn kì í tètè kú. Àrùn tó bá ti wá rí, bí ó pẹ́ títí tó tún padà wá, wọ́n á mọ̀ ọ́n.”

“Èmi nìyẹn,” ni Màmá wí. “Mo ṣì rántí iṣu tó jẹrà nínú èyí tí ẹ gbé wá síbi ìdána.”

Ambrose fẹ́ tún dọ̀bálẹ̀. Màmá fi ọwọ́ dá a dúró. “Àgbò mi ń kọ́? Kí ló kàn án nínú ogun yìí?”

Ó ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ Akọ̀wé ṣe ń dì mọ́ àwọn ọmọ ogun náà, tí a sì fi ń mọ iye wọn. Bí ti àgbò mìíràn kì í ṣe é dáadáa. Àti àwọn dókítà tí ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé.

“Kí ló wá dé tí ẹ fi ń kà wọ́n?”

“Nítorí èèyí, Màmá. Bí èèyí bá mú ọmọdé, ara rẹ̀ á so wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ibà á lọ, gbogbo ènìyàn á ní ó ti sàn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun yẹn ti dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ikọ́ tàbí ìgbẹ́ gbuuru ti ń rí àyè wọlé.”

Ẹ̀rín tán lójú Màmá. Ó wo ìka rẹ̀ tí ó dúdú.

“Abọ́dúndé,” ni ó wí. Edith kúrò lára ògiri. Ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú rẹ̀ ni. Orúkọ náà kì í jáde lẹ́nu ìyá wọn. “Èèyí ti lọ lára rẹ̀. A ti se oúnjẹ ìdúpẹ́. Ikọ́ wá dé, kò sì pẹ́ tó fi lọ. Àwọn ìyá ọkọ mi ní omi tútù tí mo fi wẹ̀ ẹ́ ni.”

Àgbò Ọ̀yìngbò ń jẹ èèpo iṣu.

“Kì í ṣe omi, Màmá,” ni Ambrose wí. “Èèyí ló kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Mi ò kà wọ́n lára tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lára àwọn tí mo ti kà, bó ṣe rí nìyẹn. Kò sí ìkankan tí omi ṣe.”

Màmá dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti padà sí bí ó ti wà.

“Gbọ́ mi. Mo ti dúpẹ́, mi ò sì ní í kó ìdúpẹ́ mi padà. Tèmi ni àgbò yẹn. O fún mi, o sì ní kò tó nǹkan. Ohun tí mo bá fẹ́ ni mo lè fi ohun ìní mi ṣe, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Mo fẹ́ kí ó wà láàyè. Lọ mú un wá. Èyí tó ń rùn bí bàtà yìí ni kí alápatà yẹn pa lọ́la. Kí ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ etí rẹ̀.”

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ará Múṣín dé pẹ̀lú ikùn tí ó ti gbọ́ ìròyìn. Àkàngbé tú ọbẹ̀ inú àwo rẹ̀ wò, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, àgbò tí ẹ ní ó ga tó ẹnu ọ̀nà nìyí?”

“Ó ga. Ó ní iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, mi ò fẹ́ dí i lọ́wọ́. Jẹ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀.”

Àkàngbé rò pé ọjọ́ orí ti ń mú ẹ̀gbọ́n òun. Ó jẹun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹni mẹ́ta ni ó gba Sábó kọjá. Màmá kọ̀ pé ẹran òun kò ní í lọ síbi tí wọn yóò ti gún un lábẹ́rẹ́ láìsí òun níbẹ̀. Nígbà tí Ambrose fi síríńjì gba ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn Akọ̀wé ní ọgbà ilé àyẹ̀wò, Màmá di ìwo rẹ̀ mú, ó ń wí pé, “Rọra. Rọra, mo ní. Ṣé bí o ṣe máa ń ṣe é nìyí tí mi ò bá sí níbẹ̀?”

Àwọn dókítà àgbà dúró yí tábìlì ká. Ọ̀gá ilé àyẹ̀wò, Dókítà Ògúntádé, ń ti ọwọ́ bọ àpò, ó tún ń yọ ọ́. Ibi tí ó léwu jù nínú iṣẹ́ náà ni ìparí: bí a bá mi ìgò jù, òdòdó yóò tú, bí a kò bá sì mì í, kò ní í ṣeé kà. Ambrose gbé ìgò kékeré náà sókè, ó sì ń yí i bí ìyá tí ń yí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn padà lórí ẹní. Ó kán díẹ̀ sórí gíláàsì. Ó tì í sábẹ́ awò máíkírósíkóòpù. Ó yẹra.

Èyí tí ó dàgbà jù nínú àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó yí ọwọ́ awò náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Ambrose ń wo ẹ̀yìn ọrùn ọkùnrin náà bí ẹni tí ń ka ìwé níbẹ̀.

“Wọ́n mọ́ kedere,” ni ọkùnrin náà wí níkẹyìn, láìgbé ojú sókè. “N kò rí irú wọn rí níhìn-ín. Ẹ wá wò ó.”

Gbogbo wọn wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbà pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà kò ní í lọ sí ìlú òyìnbó mọ́. Dókítà Ògúntádé yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò. Nígbà tí ó kan Màmá, wọ́n gbé àga fún un. Ó kọ́kọ́ di ojú méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni ó di ẹyọ kan.

“Wọ́n rọ̀gbà yí i ká,” ni ó wí. “Ti ọmọ ta nìyí?”

“Ọmọ obìnrin kan láti Múṣín,” ni Ambrose dáhùn. “Èèyí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lára rẹ̀.”

“Wọ́n pọ̀ nínú tirẹ̀?”

“Ká tó kà wọ́n rárá, a ti rí i pé wọn ò pọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń padà wá. Nísinsìnyí tí a ti mọ̀, wọ́n lè dá a dúró sí ọsibítù, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, kí ikọ́ má baà wọlé kí wọ́n tó padà.”

Màmá gbé orí sókè, ó wo Dókítà Ògúntádé láti òkè dé ilẹ̀.

“Ẹ̀yin ni ọ̀gá wọn?”

“Èmi ni, mà.”

“Ẹ máa gba ẹ̀jẹ̀ ẹran mi. Mo yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n ẹ máa fún un ní èèpo iṣu dáadáa. Bí ó bá rù, ọwọ́ mi á mọ̀.”

“A gbọ́, mà,” ni Dókítà Ògúntádé wí, ó sì tẹrí ba.

Màmá gba okùn Akọ̀wé lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un, àwọn méjèèjì sì forí lé ilé ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ambrose fa àga padà sídìí awò, ó tú táì rẹ̀ díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti ọmọ Múṣín.